Alágídí Níwájú Ìyá Oníbéèrè

Èmi kọ́ ni mo súfèé lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wà ní ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má baà kà á fò. Ìwé kẹrin ni mo wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tíṣà wa kọjú sí pátákó, ó ń kọ iṣẹ́ síbẹ̀, ni ẹnìkan bá súfèé láti ẹ̀yìn. Tíṣà yíjú padà, ojú rẹ̀ sì bọ́ sínú tèmi. Mo ní èmi kọ́. Ó ní kí n jáde. Mo ń kó ìwé mi sínú àpò lọ́wọ́ ni mo gbọ́ tó ń sọ fún gbogbo kíláàsì pé, "Ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá di ọ̀la, á padà wá kúnlẹ̀ bẹ̀ mí."

Bó bá ṣì wà láyé, ó ṣì ń retí ọ̀la ọ̀hún.

Bàbá mi nà mí, ìyá mi bẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé mi sí èjìká títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, mo di òpó géètì mú, ó fà mí títí ó rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi mí sẹ́nu iṣẹ́ télọ̀. Láti ìgbà náà, n kò tẹ ọgbà ilé ìwé kankan mọ́. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, ìyá rẹ̀ ló mú un lọ. Ìpàdé àwọn òbí, ìyá rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ń fúnni lẹ́bùn, ìyá rẹ̀. Èmi ni mo máa ń rán aṣọ ilé ìwé rẹ̀, mo sì máa ń rán an débi pé àwọn tíṣà rẹ̀ á ní kó wá bi mí bóyá mo lè bá àwọn náà rán tiwọn. N kò bá wọn rán an.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé mo ń di kùnsínú. Irọ́ ni. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ni n kì í gbàgbé. Onífọ́tò tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ya ẹbí wa ní fọ́tò nígbà tí ọmọ yìí ṣì ń rá kòrò, ó sì gé mi láti iwájú orí lọ sókè. Ó ní mo ga jù. N kò tíì kí i láti ìgbà náà, ọmọ sì ti wọ yunifásítì.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ láti wo ojú aláìsàn kó sì mọ ibi tó ń dùn ún kí onítọ̀hún tó la ẹnu. Ó wá gbé àṣà yìí wọlé wá bá mi. "Mo ti mọ ohun tí ẹ máa ṣe," ló máa ń wí, àfi bíi pé inú mi ló ń gbé. Bó bá sì ti wí bẹ́ẹ̀, n kò ní ṣe é mọ́. Bí mo bá ń lọ wẹ̀, tó ní òun mọ̀ pé mo fẹ́ lọ wẹ̀, mo máa jókòó ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú kànìnkànìn lọ́wọ́, tí mò ń gbọ́ ìròyìn.

Ọmọ wa tí mò ń wí yìí, Lọ́yà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í ṣe iṣẹ́ lọ́yà ló ń kọ́ o. Ẹnu rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́, ó sì ti dé ọdún tó kẹ́yìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dé sí ìsọ̀ mi láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó kí mi, ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá ilẹ̀. Ó kó gbogbo àkísà aṣọ sínú àpò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í to òwú sórí pẹpẹ, dúdú pẹ̀lú dúdú, funfun pẹ̀lú funfun. Ẹnu rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

"Lọ́yà, èèyàn kú ni?"

"Rárá o, Bàbá mi."

"Àbí o lóyún?"

"Bàbá mi!"

"Ó dáa, sọ ọ́ kó tó di pé o to èmi náà sórí pẹpẹ."

Ó jókòó sórí àpótí. "Mo fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ kan. Ẹyọ kan péré."

"Iṣẹ́ wo?"

"Èyí tó ń sọ nípa ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe, àti ohun tí kò ní lè ṣe láéláé."

"Èyí tí kò ní lè ṣe láéláé wà?"

"Ó wà. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ kọ̀ǹpútà tòótọ́ kan."

"Wọ́n jókòó, wọ́n ń ro ohun tí kò tíì sí láyé, wọ́n sì ti mọ ohun tí kò ní lè ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá mi."

"A jẹ́ pé ìyá rẹ ń bá wọn ṣiṣẹ́."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní tí òun kò bá yege nínú iṣẹ́ yìí, òun máa tún odindi ọdún náà ṣe, gbogbo àwọn ẹgbẹ́ òun á sì gboyè lọ. Ó wá ṣàlàyé bí ọ̀nà àbáyọ ṣe rí. Obìnrin àgbà kan ló ń kọ́ wọn níṣẹ́ náà, Ìyá Oníbéèrè làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Ìyá yìí gbà pé ẹni tó bá mọ nǹkan ní tòótọ́ gbọ́dọ̀ lè fi kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fìdí rẹmi, á ní kó lọ wá àlejò kan, kó kọ́ ọ nílé, kó sì mú un wá síwájú òun. Àlejò ló máa bi ní ìbéèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò gbọdọ̀ fọhùn. Bí àlejò bá dáhùn dáadáa, akẹ́kọ̀ọ́ yege.

"Kò burú," mo wí. "Mú ìyá rẹ lọ."

"Àlejò náà kò gbọdọ̀ ka ìwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀."

Mo gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Mo ro ẹbí wa láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì. Àbúrò mi obìnrin ń kọ́ni ní girama, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Kódà onífọ́tò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ bí a ṣe ń gé èèyàn lórí. Nínú gbogbo wa, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù tí ìwé kò tíì bàjẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, àìkàwé mi di ohun tí wọ́n ń wá kiri.

"Kò ṣeé ṣe," mo wí. "N kì í wọ ilé ìwé. O mọ̀."

"Mo mọ̀, Bàbá mi."

Ó dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀, ó kí mi pé ó dàbọ̀. Kò bá mi jiyàn. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Nígbà tí mo délé, mo wọ yàrá lọ bọ́ aṣọ iṣẹ́. Mo rí ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi, èyí tó ní kọ́là gíga tí mo fọwọ́ ara mi rán, tó kọ́ sórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ti fi sítáàṣì sí i, wọ́n ti lọ̀ ọ́, etí rẹ̀ mú bí abẹ. N kò fi ṣe nǹkan kan. Mo ní bóyá àpótí aṣọ ni ìyàwó mi ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

A jókòó, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ń jẹun. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ilé ìwé. Nígbà tó ṣe, ìyàwó mi yíjú sí Lọ́yà, bíi pé àga lásán ló wà níbi tí mo jókòó sí.

"Ṣebí mo ti sọ fún ẹ. Má da ara rẹ láàmú. Bàbá rẹ ò ní lọ."

"Ta ló ní mi ò ní lọ?"

"Èmi ni. Mo mọ̀ yín."

"Kí lo mọ̀?"

"Mo mọ̀ pé ẹ ò ní lọ. Ẹ jẹun, kó má tutù."

Mo yíjú sí Lọ́yà. "Ọjọ́ wo ni nǹkan náà?"

"Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Bàbá mi."

"Láti ọ̀la, wá máa kọ́ mi."

Ìyàwó mi tẹrí ba sórí àwo rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ata ló gbé e lọ́fun. Mo bu omi fún un.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nínú ìsọ̀ nìyẹn. Lọ́yà dúró níwájú tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ó fi ẹfun télọ̀ kọ àpótí kéékèèké sórí àkísà kan ní ìlà gígùn.

"Ẹ fojú inú wo ẹ̀rọ kan, Bàbá mi. Ó ní téèpù gígùn tí kò lópin, tí wọ́n pín sí ojú kéékèèké báyìí. Abẹ́rẹ́ kan wà lórí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yìí á ka ohun tó wà lójú kan, á fi í sílẹ̀ tàbí kó pa á rẹ́ kó kọ òmíràn, á sún síwájú tàbí kó sún sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí wọ́n fún un. Ó tán."

"Téèpù tí kò lópin. Ta ló ń tà á?"

"Kò sẹ́ni tó ń tà á. Èrò lásán ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí lè ṣe, ẹ̀rọ yìí lè ṣe é."

"Pẹ̀lú bó ṣe gọ̀ tó yìí?"

"Pẹ̀lú bó ṣe gọ̀ tó yìí náà ni."

"Mo gbà. Mo mọ àwọn tó gọ̀ jù ú lọ tí wọ́n ń rán kóòtù."

Ó mú etí aṣọ títẹ́ kan. Ó ní tí òun bá fún ẹ̀rọ ní ìlànà pé kó máa rán etí aṣọ yìí lọ títí á fi dé ìparí, ṣé á dúró? Mo ní á dúró. Ó wá mú ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kan tí mo ti rán pọ̀, ó na etí rẹ̀ roboto sí mi.

"Èyí ńkọ́?"

"Yípoyípo ni. Kò ní ìparí. Á máa rán an títí òwú á fi tán."

"Ká ní òwú ò lè tán."

"Á máa rán an títí ayé."

"Ẹ ti rí i. Ìlànà míì máa ń dúró, òmíràn kì í dúró. Àmọ́ àwọn míì wà tó gùn, tó lọ́, tó dojú rú, tí èèyàn ò lè fi ojú lásán wò kó mọ èyí tó jẹ́. Ni àwọn ọlọ́gbọ́n bá ní, ẹ jẹ́ ká kọ́ ẹ̀rọ kan tó máa mọ̀ ọ́n. Ká pè é ní Olùmọ̀. Ìlànà yòówù tí ẹ bá gbé fún un, á sọ fún yín: 'Èyí á dúró,' tàbí 'Èyí ò ní dúró.' Kì í ṣàṣìṣe. Ṣé ó ṣeé ṣe?"

"Tí wọ́n bá wá oníṣẹ́ tó dáa."

"Kò ṣeé ṣe, Bàbá mi. Láéláé ni."

"Wọn ò tíì gbìyànjú tó ni."

Ibi tí ìjà wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ní kí wọ́n kọ́ èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní títóbi kọ́. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù sí i. Ó ní sùúrù kọ́. A jiyàn títí oníbàárà kan fi gba ṣòkòtò rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ wò, ó wá rọra béèrè lọ́wọ́ mi pé ìdí wo ni síìpù rẹ̀ fi wà lẹ́yìn. Ó dùn mí pé mo ní láti tú u, ṣùgbọ́n iyàn yẹn dùn mọ́ mi nínú ju bí mo ṣe lè jẹ́wọ́ lọ. Ó pẹ́ tí ẹnìkan ti dúró ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú mi bẹ́ẹ̀.

Níkẹyìn, ó rẹ Lọ́yà. Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́, ó sì tẹjú mọ́ mi fún ìgbà pípẹ́. Ojú rẹ̀ wá là.

"Bàbá mi, ó dáa. Mo gbà fún yín. Olùmọ̀ wà. Wọ́n ti kọ́ ọ."

"O ṣeun."

"Èmi náà á wá kọ́ tèmi. Mo máa pè é ní Alágídí. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Alágídí ní. Á lọ bá Olùmọ̀, á ní, 'Kí lo sọ nípa mi?' Bí Olùmọ̀ bá ní, 'O máa dúró,' Alágídí á ní, 'Irọ́ ni,' á máa bá iṣẹ́ lọ títí ayé. Bí Olùmọ̀ bá ní, 'O ò ní dúró láéláé,' Alágídí á dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi, kí ni Olùmọ̀ máa sọ nípa rẹ̀ tó máa jẹ́ òótọ́?"

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Mo rò ó síwájú, mo rò ó sẹ́yìn.

"Kò sí."

"Kí ló dé?"

"Ohunkóhun tó bá sọ, Alágídí á sọ ọ́ di irọ́."

"Ẹ sì ní Olùmọ̀ kì í ṣàṣìṣe."

"Á jẹ́ pé kò lè sí Olùmọ̀ náà," mo wí. Ọ̀rọ̀ yẹn ya èmi fúnra mi lẹ́nu. "Bí irú Alágídí bá ti lè wà, kò lè sí Olùmọ̀."

"Ojú ta lẹ rò pé mò ń wò nígbà tí ó yé mi bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀," mo wí.

Mo mọ̀ dáadáa. Inú mi sì dùn. Gbogbo ọgbọ́n ayé gbéra ńlẹ̀, ó ń lọ, ó ń lọ, kò sí ohun tó dá a dúró, àfìgbà tó kọsẹ̀ lára irú èmi.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi. Mo dúró díẹ̀ lẹ́nu géètì yunifásítì. Mo wo òpó rẹ̀. Kì í ṣe èyí tí mo dì mú nígbà yẹn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn jọ ara wọn. Lọ́yà dúró lẹ́yìn mi, kò tì mí, kò pè mí. Mo wọlé.

Yàrá kékeré kan ni wọ́n mú wa lọ. Tábìlì kan, àga mẹ́ta, pátákó tí wọ́n nù tí kò mọ́, fáànù tó ń ké bí ẹni tí inú ń run. Ìyá Oníbéèrè tẹ́ẹ́rẹ́, irun rẹ̀ ti funfun, ó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, sílípáàsì ló wọ̀. Òwú ti tú létí ọwọ́ aṣọ rẹ̀ apá ọ̀tún, ó ń fì. Mo fẹ́ béèrè abẹ́rẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá," ó wí. "Ṣé ẹ̀rù ń bà yín?"

"Ẹ̀rù ò bà mí, Mà. Inú ló ń bí mi."

"Sí ta?"

"Sí tíṣà."

"Sí èmi?"

"Ẹ ò tíì ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò tíì ṣú."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jókòó. Lọ́yà lọ jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó di ètè méjèèjì pọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi síìpù sí lẹ́nu.

Ìyá bi mí nípa téèpù àti abẹ́rẹ́, mo dáhùn. Ó bi mí bóyá Olùmọ̀ lè wà. Mo ní kò lè wà, mo sì fi Alágídí gbè é lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ká ní mo tún Olùmọ̀ ṣe ńkọ́, mo kọ́ ọ ní gbogbo ìwà Alágídí yìí?"

"Wọ́n á kọ́ Alágídí míì tó máa gbọ́ ohun tí Olùmọ̀ tuntun yẹn wí. Irú wa ò lè tán, Mà. Bí ẹ ṣe ń bẹ ọ̀kan, wọ́n ń bí òmíràn."

Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Orí mi wú. Ó wá ní, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, "Nítorí náà, kò sí ìlànà kankan tí èèyàn lè wò kó mọ̀ bóyá á dúró?"

"Kò sí rárá!" mo dáhùn, kí ó tó pa ẹnu dé.

Nǹkan bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Bírò Lọ́yà ni. Ó ti di ojú rẹ̀ méjèèjì. Ìyá gbé gègé rẹ̀, ó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wá ibi tí mo lè gbójú sí, ojú mi bọ́ sórí ọwọ́ aṣọ rẹ̀ tó ń fì.

"Ẹ dúró, Mà. Mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."

"Ẹ kó o jẹ."

"Etí ọwọ́ aṣọ yín yìí, bí mo bá ní kí ẹnìkan máa rán an yípo títí á fi dé ìparí, ọmọdé mọ̀ pé kò ní parí. Ó ṣeé mọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ṣeé mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó máa mọ gbogbo wọn láìku ẹyọ kan, òun ni kò sí." Mo fi kún un pé, "Òwú ibẹ̀ sì ti tú."

Ó wo ọwọ́ aṣọ náà. "Mo ti rí i. Mi ò ráyè ni." Ó fi gègé sílẹ̀. "Ìbéèrè kan ló kù. Alágídí yìí, ṣé agbára rẹ̀ ní ibi tó mọ?"

Lọ́yà kò kọ́ mi ní èyí.

"Ẹ jẹ́ ká fi yín ṣe àpẹẹrẹ," ó wí. "Ọmọ yín ti sọ fún mi pé ẹ kì í wọ ilé ìwé. Kí ló wá gbé yín dé ibí?"

Mo na àyà. "Ìyàwó mi ló ní mi ò ní wá."

"Ó sọ ọ́ sí yín létí?"

"Gbangba, lórí oúnjẹ."

"Ó sì mọ irú èèyàn tí ẹ jẹ́?"

"Ó mọ̀ mí bí ẹní mowó. Kò sí ohun tí mo..."

Ẹnu mi dúró. Mo wo ṣẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀. Mo tún rí i lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, pẹ̀lú sítáàṣì, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí a tó jókòó ti oúnjẹ, kí ẹnikẹ́ni tó ní n kò ní lọ. Sítáàṣì kì í gbẹ ní wàrà ǹ ṣesà. Mo rí èjìká tó ń gbọ̀n. Ata kọ́. Mo tún wá bu omi fún un!

Mo dìde. "Wọ́n ti lò mí," mo wí, mo sì rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

Mo wá dúró níbẹ̀. Mo ń dúró de ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Ká ní Ìyá Oníbéèrè sọ pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, á padà wá," ǹ bá ti dé ìta géètì. Ká ní ó sọ pé, "Ó ti lọ nìyẹn," ǹ bá fi ayọ̀ padà jókòó. Kò sọ nǹkan kan. Òwú ọwọ́ aṣọ rẹ̀ ló ń wò. Mo wo Lọ́yà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Láti ìgbà tí ọmọ yẹn ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, n kò rí i kó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Omi dúró lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìró kankan. Fáànù ń ké lọ.

Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi. Mo wá mọ ohun kan tí n kò fẹ́ mọ̀: bí Alágídí kò bá rí ẹni tó máa ta kò, kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Á kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ni. Àfi kó wo inú ara rẹ̀ kó mọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́.

Mo fẹ́ kí ọmọ mi yege.

Mo padà, mo jókòó. "Kì í ṣe nítorí pé ẹnìkan ní mi ò ní jókòó ni mo ṣe jókòó," mo wí. "Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀."

Ìyá kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ìdáhùn ìbéèrè yín sì nìyí. Agbára Alágídí ò ká Olùmọ̀ tó bá pa ẹnu mọ́. Àfi kó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa òun kó tó lè sọ ọ́ di irọ́. Ṣùgbọ́n Olùmọ̀ tó bá mọ̀ tí kò sọ, kí ni àǹfààní rẹ̀ fún ẹni tó ń bi í? Iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe, kò ṣe é. Ẹ ò lè pe ìyẹn ní ẹ̀rọ."

"Kí la máa wá pè é?"

"Ìyàwó."

Ó rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi bọ́. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó ní, "Ìwé mélòó lẹ kà, Bàbá?"

"Ìwé kẹrin. Wọ́n ní mo súfèé."

"Ṣé ẹ súfèé?"

"Èmi kọ́, Mà."

"Mo gbà yín gbọ́."

Mo wò ó dáadáa bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá tó bí mi pàápàá, ohun tó máa ń sọ ni, "Kódà bó bá jẹ́ ìwọ." Ìyá Oníbéèrè wá yíjú sí Lọ́yà, ó ní ó ti yege, ó lè sọ̀rọ̀ wàyí. Ẹnu ọmọ náà tú bíi páìpù omi tó bẹ́, kò sì dákẹ́ títí a fi délé.

A bá ìyàwó mi níjókòó, ó ti ẹnu iṣẹ́ dé, ó ki ẹsẹ̀ bọ inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Lọ́yà so mọ́ ọn lọ́rùn. Mo dúró, mo na ìka sí ṣẹ́ẹ̀tì mi.

"Aṣọ yìí. Ìgbà wo lo fi sítáàṣì sí i?"

"Aṣọ wo?"

"Èyí tí mo wọ̀ sọ́rùn."

"Háà, ó mà yẹ yín o."

"Mo dìde láti jáde. Mo tún padà jókòó. Ṣé o mọ ìyẹn náà tẹ́lẹ̀?"

Ó ń fi omi bọ ẹsẹ̀, kò wò mí. "Ẹ bá mi mú aṣọ ìnura yẹn."

"Dá mi lóhùn!"

"Bí mo bá ní mo mọ̀, ẹ ó ní irọ́ ni. Bí mo bá ní mi ò mọ̀, ẹ ó ní irọ́ ni. Ẹsẹ̀ mi ń tutù, Bàbá Lọ́yà."

Mo mú aṣọ ìnura fún un.

Nígbà tí ọjọ́ ìgboyè kù díẹ̀, Lọ́yà bi mí bóyá màá wá. Mo wo ìyàwó mi. Ìyàwó mi ń wo òkè àjà, níbi tí kò sí nǹkan kan. Mo ní mi ò tíì mọ̀. Mo ní tó bá jẹ́ onífọ́tò ìsọ̀ kejì ni wọ́n máa gbà, mo máa jókòó ya fọ́tò ni, kó má baà rí orí gé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo jí, mo yọ́ lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kí n lè mọ ohun tó rò nípa mi. Ìṣó ló wà níbẹ̀. Kò sí aṣọ kankan lórí rẹ̀. Mo ṣí àpótí, mo rí ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi nísàlẹ̀ pátápátá, ó ti rún bí ìwé tí ewúrẹ́ jẹ kù. Mò ń gbọ́ ìyàwó mi ní ilé ìdáná. Ó ń fọ àwo, kò sì sọ̀rọ̀.

Mo dúró wo ìṣó náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo lọ ki iná bọ áyọ́ọ̀nù.